Orúkọ Màmá Ló Wà Lórí Káàdì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà Lẹ́ńtì. Mo ń gbé e jókòó, mo ń gbé e dìde. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, mi ò ní fi iyọ̀ sí i, mi ò sì ní fi ata sí i. Bí ẹ bá bú mi níparí, mo gbà.

Mo ti yí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ padà, mo sì ti gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó kọ ọ́.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé ìlera kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Òkélúsè. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an. Lọ́pọ̀ ọjọ́, èmi nìkan ni mo ń dá ibẹ̀ ṣe.

Mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Rẹ́jísítà mi mọ́ ju aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá máa kú, n óò kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi sínú ìwé, n óò fa ìlà sí i nídìí, kí n tó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ abúlé náà kan tó ń gbé lókè òkun pè mí. Ó ní ikọ̀ dókítà kan fẹ́ wá fi ọjọ́ márùn-ún tọ́jú àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa bá ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀! Nígbà yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wa kò ní ju parasitamọ́ọ̀lù àti oògùn ibà díẹ̀ lọ.

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ṣé àwọn ará ìlú lóye ohun tí a fẹ́ wá ṣe? Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ètò wà láti máa mójú tó àwọn aláìsàn lẹ́yìn tí a bá lọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú lórí ọ̀rọ̀ náà? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, mo ti fọwọ́ sí i, kí ẹ̀wà tí mo gbé kaná tó hó. Ta ló fẹ́ kọ “rárá” kí oògùn ọ̀fẹ́ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ?

Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí èrò ya bo àwọn, ìlà tó tọ́ làwọn ń fẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ṣebí èmi náà ni mo ti ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní abúlé yẹn látọjọ́ yìí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń pín nẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan, orúkọ ẹni tó dàgbà jù nínú ilé ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ilé á rán ẹnì kan wá, ìyàwó ilé ló sì sábà máa ń jẹ́. Ó máa gbà á, ó máa gbé e délé, á kúnlẹ̀, á fi lé àgbà lọ́wọ́. Ì báà jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ẹran tàbí ìrẹsì ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí ìyàwó ilé tó máa dárúkọ ara rẹ̀ níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Kò sẹ́ni tó ń fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, bí ilé ṣe ń jẹ́ ilé nìyẹn.

Ni mo bá rán akéde jáde pé kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá gba oògùn òyìnbó. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Mi ò sọ pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá wá. Mo ní kí wọ́n wá gba oògùn. Kí iṣẹ́ sì lè yá, mo ti kọ káàdì gbogbo wọn sílẹ̀ láti inú rẹ́jísítà nẹ́ẹ̀tì: orúkọ, ọjọ́ orí, ilé.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, ìlà náà gún régé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wo aago rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní gbogbo ibi táwọn ti dé, àwọn ò tíì rí alábàáṣiṣẹ́ bí tèmi. Orí mi wú bíi búrẹ́dì inú tíì.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti dókítà obìnrin kan la jọ wà nídìí tábìlì kan. Ọmọdé ni, kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì lọ́yàyà. Èmi ló ń túmọ̀ èdè fún un. Ó kan Bọ́sẹ̀, ìyàwó ilé kan tí kò tíì pé márùndínláàádọ́ta. Orúkọ tó wà lórí káàdì ọwọ́ rẹ̀ ni ti ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Ojúọlápé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n gún Bọ́sẹ̀ níka. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ó ga gan-an.

Dókítà wo káàdì, ó wo ojú Bọ́sẹ̀, ó tún wo káàdì. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní awọ ara obìnrin ilẹ̀ wa mà dára o, pé wọn kì í gbó. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibi tó yẹ kí n ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Mo mọ Bọ́sẹ̀. Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù. Mo rí káàdì, mo rí ojú, mo sì mọ̀ pé wọn ò bá ara wọn mu. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ni pé n óò tún un ṣe tí ìlà bá tán. Ìlà ṣì gùn dé ìdí máńgòrò, ọ̀gá ń wo aago. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi onílé ńkọ́, tí mo fi tèmi ríran, tí mo sì dákẹ́?

Wọ́n bu oògùn sínú náílọ̀n kékeré kan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí i: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Mo ní kí oúnjẹ kọ́kọ́ wọnú kó tó lò ó. Mo sì sọ ohun tí mo ń sọ fún gbogbo wọn, pé wọn ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.

Mi ò tún nǹkan kan ṣe nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, wọ́n lọ. Wọ́n fún mi ní síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ikọ̀ wọn sí láyà. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹnì kan ní bàbá òun kàn ń sùn ṣáá. Mo ní ooru ni. Ẹlòmíì ní látìgbà tí ìyá òun ti ń lo oògùn òyìnbó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Mo ní kó máa gbé ẹsẹ̀ náà lé orí àpótí. Gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá ni mo ní èsì fún. Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n mi ò wádìí.

Lẹ́ńtì wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ Bọ́sẹ̀ gun ọ̀kadà dé iwájú ilé ìlera, kò kí mi. Ọmọ Yorùbá tó bá ẹni láàárọ̀ tí kò kí i, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ó ní láti àná ni òógùn ti ń bo Màmá, ó ń gbọ̀n, ó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Àwọn rò pé ó fẹ́ lọ sílé ni, wọ́n ti ń gbàdúrà yí i ká. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ara Màmá tutù, aṣọ ọrùn rẹ̀ rin gbindin. Mo bi wọ́n pé kí ló jẹ kẹ́yìn.

Bọ́sẹ̀ ní, “Wọ́n ń gbààwẹ̀ láti Ọjọ́rú Eérú. A ní kí wọ́n má gbà á mọ́ torí àgbà, wọ́n ní ta ló bí wa.”

“Oògùn ńkọ́?”

“Háà, ìyẹn ò yẹ̀ o. Èmi fúnra mi ni mò ń fún wọn láàárọ̀ lálẹ́.”

Ó wọlé, ó mú náílọ̀n náà wá. Kò sí orúkọ oògùn kankan lára rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, “Bọ́sẹ̀, ta ni wọ́n gún níka lọ́jọ́ yẹn?”

“Èmi ni.”

“Oògùn ta wá ni èyí?”

“Ti Màmá ni. Ṣebí orúkọ wọn ló wà lórí káàdì. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, tó sì jẹ́ ẹ pé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Oògùn tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni obìnrin tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń gbé mì, lórí ikùn òfìfo. Dírípù gúlúkóòsì kan ṣoṣo ló kù ní ilé ìlera. Mo sáré lọ gbé e, mo fi sí i lára. Kò pẹ́ púpọ̀, Màmá la ojú. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Èmi nìkan ni kò dúpẹ́, torí mo mọ̀ pé irú oògùn yẹn kì í tètè jáde lára àgbàlagbà. Ó ṣì máa fà á padà sísàlẹ̀.

A wá mọ́tò, a dorí kọ ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ bó ṣe rí, bí kò ṣe ọ̀ràn dandan, kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń sáré wọ̀. Kí a tó dé títì ọlọ́dà, Màmá ti tún lọ. Bọ́sẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é, èmi ń gbé àpò dírípù sókè.

Dókítà ilé ìwòsàn ní oògùn wo ló lò. Mo fún un ní náílọ̀n. Ó gbé e sókè sí iná. Oògùn funfun, kékeré, roboto. Mélòó ni irú rẹ̀ wà láyé? Ó ní ta ló fún un. Mo ní àwọn àlejò ni. Ó ní ìwé wọn dà. Mo ní wọ́n ti gbé e lọ. Ojú tó fi wò mí yẹn, ìbá kúkú gbá mi létí.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá àwọn àlejò. Èsì tó wá kò ju ti ẹ̀rọ lọ, pé ó wà lẹ́nu ìsinmi, ó dúpẹ́ fún ìfẹ́ mi sí iṣẹ́ wọn. Mo wá rántí pé mo ní nọ́ńbà dókítà ọmọdé yẹn lórí Wọ́sáàpù. Mo kọ sí i. Wákàtí kan kò pé tó fi dáhùn. Kò gbèjà ara rẹ̀, kò sì dá mi lẹ́bi. Ó fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́, orúkọ oògùn, bó ṣe lágbára tó, gbogbo rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀rù náà ni lóòótọ́. Dókítà Ọ̀wọ̀ wá mọ iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi ṣọ́ Màmá. Ọmọ yẹn ṣe bẹbẹ, n óò máa sọ ọ́ níbi gbogbo.

Màmá yè. Ṣùgbọ́n nígbà míì, títí di òní, ó máa ń pe Bọ́sẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú.

Bí Màmá ṣe ń sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣí ìwé náà kí n lè mọ àwọn yòókù tó gba oògùn. Ìwé náà mọ́ tónítóní, orúkọ gbogbo ènìyàn pé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá kan tí kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún méjì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ìyá kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wọ́n ní ó ní ṣúgà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wá. Àrùn tó wà níbẹ̀, àwọn tó dúró lórí ìlà ló ni í. Oògùn sì ti wà lẹ́nu àwọn tó jókòó sílé.

Àwọn tí ara wọn kò yá gan-an kò mọ̀ pé ara àwọn kò yá. Ìwé òyìnbó kò lè sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè tú u sílẹ̀ àfi èmi, torí èmi ni mo mọ ẹni tó dúró.

Mo padà sí abúlé, mo gbé rẹ́jísítà, mo fi ọjọ́ méjì ká ilé kọ̀ọ̀kan. Ta ló wá lọ́jọ́ náà? Ta ló ń lò ó? Ẹ gbé e wá. Àwọn kan fi pamọ́ fún mi. Bàbá kan bi mí bóyá mo fẹ́ lọ kó o fún àwọn ará mi ní Àkókó ni. Mi ò bá a jà. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, mo ní kí wọ́n foríjì mí, kí wọ́n sáà gbé e wá.

Ilé tó kẹ́yìn ni ilé Bàbá Ajíbádé. Bàbá ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Wọ́n ní ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, ó ṣubú, ó forí gbá ògiri, kò sì jí mọ́. Gbogbo wa ní ọjọ́ orí ni. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jẹ ìrẹsì wọn.

Nínú ìwé àwọn àlejò, wọ́n fún Bàbá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó lágbára. Nínú rẹ́jísítà tèmi, láti ọdún tí mo ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Rẹ́jísítà yẹn wà lórí tábìlì mi ní gbogbo ọjọ́ márààrún. Àwọn àlejò kò béèrè rẹ̀. Èmi náà ò sì ṣí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Ajíbádé, opó rẹ̀. Mo sọ fún un pé dókítà ní kò sẹ́ni tó lè búra pé oògùn náà ló gbé e ṣubú, torí kò sí àyẹ̀wò kankan tí wọ́n ṣe. Ó gbọ́ mi dé òpin.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọma mi, ó ń sọ fún mi. Ó ní bí òun bá ti dìde, òyì ń kọ́ òun. Ó ní òun fẹ́ fi oògùn yìí sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó má fi í sílẹ̀. Mo ní Nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.”



Ó tún ní, “Ajíbádé, ọma wa, ló bá ùlé wa lọ tò lórí ìlà. Ó wá kí wa lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣé kí n sọ fún un?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí lẹ máa dáhùn? Bí a kò bá sọ fún Ajíbádé, ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lára rẹ̀ lè pa á láìròtẹ́lẹ̀. Bí a bá sì sọ fún un, ó máa mọ̀ pé oògùn tí òun lọ tò fún bàbá òun, ti òun gan-an ni.

Mo ní kó má ṣe wàhálà, èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Mo lọ bá Ajíbádé níbi iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Ọ̀wọ̀. Mo kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ga débi pé mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tó kù. Ó kàn ń wo apá rẹ̀ níbi tí mo ti so okùn ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Mo mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n kọ oògùn fún un.

Ó wo ìwé náà, ó béèrè pé kí ni orúkọ èyí tí Bàbá lò. Mi ò lè parọ́ fún un. Oògùn kan náà ni.

Ó ń lò ó lójoojúmọ́ báyìí.

Àwọn àlejò ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ padà wá. Mo ti fún wọn lésì: kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta kọ́kọ́ wá láìgbé oògùn kankan dání, kí wọ́n bá wa jókòó títí wọ́n á fi mọ bí ilé ṣe ń jẹ́ ilé lọ́dọ̀ wa. Kí a jọ ka rẹ́jísítà wa. Kí orúkọ oògùn wà lára náílọ̀n, kí ìwé gbogbo aláìsàn sì wà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Dókítà ọmọdé yẹn ní òun ṣe tán. Ọ̀gá wọn kò tíì fèsì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá gbà láti mú àlejò wọlé, kò gbọdọ̀ tìtorí pé ó fẹ́ wu àlejò kó pa ohun tó mọ̀ mọ́. Oore tí wọ́n gbé wá, òótọ́ ni. Èmi ni ojú tí wọ́n yá, mo sì pa ojú náà dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n ti wá sí àdúgbò yín rí, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí sísàlẹ̀ níbí, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni mò ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ Ajíbádé. A kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ohun tó yẹ kí n sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ.